Ère Tó Ń Ṣe Eré

   Ẹ̀yin ará mi nínú Òrìṣà, irọ́ kan ni mo fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ fún yín, kí n sì sọ ohun tó kọ́ mi.

Lọ́dún tó kọjá, ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Òrìṣà-ńlá kan, mo wà nílé mi ní Hulme, ní ìlú Manchester. Mo ti gbá ojúbọ, mo ti pààrọ̀ omi, mo ti da obì, obì sì yàn. Ó ku nǹkan bíi wákàtí méjì kí àwọn ọmọ ilé tó péjọ. Mo bá jókòó, mo tan tẹlifíṣọ̀n, mo ń wo àwòrán ẹ̀fẹ̀ kan, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní kàtúùnù. Ẹ̀rín pa mí débi pé n kò gbọ́ ìgbà tí ìlẹ̀kùn ṣí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Òrìṣà wa ló dé ṣáájú àkókò, obìnrin tó ti lé ní ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbójú sókè, ó sì rí ohun tí mò ń wò.

Ó ní, "Bàbá, ṣé ọmọ-ọmọ yín wà nílé ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn lókè ni."

Ọmọ-ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní, Birmingham ló sì ń gbé. Mo sáré pa tẹlifíṣọ̀n. Láti ìgbà náà lọ, obìnrin yìí ń rìn tìyẹ́tìyẹ́, ó sì ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bí àwọn yòókù ṣe ń wọlé, ó ń fi ìka sí ẹnu fún wọn: ọmọ ń sùn. Ẹnikẹ́ni kò mi ààjà. Orin tó yẹ kó ròkè, inú ọ̀fun ni wọ́n ti kọ ọ́. Nítorí ọmọ tí kò sí nílé, Òrìṣà-ńlá kò gbọ́ ààjà ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ rẹ̀, èmi tí mo jẹ́ olórí ojúbọ sì jókòó níbẹ̀ nínú aṣọ funfun, n kò lè la ẹnu.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Òrìṣà-ńlá kì í bá òpùrọ́ ṣeré. N kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Ohun tí mò ń bi ara mi ni pé: kí ló dé tí ojú fi tì mí tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń wò. Chorlton and the Wheelies ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọdé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1976 sí 1979 á rántí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Cosgrove Hall ló ṣe é, èyí tí Brian Cosgrove àti Mark Hall dá sílẹ̀ ní 1976. Àwọn kan náà ló ṣe Danger Mouse tó bẹ̀rẹ̀ ní 1981. Àdúgbò Chorlton ni ilé iṣẹ́ náà wà nígbà náà, ẹsẹ̀ lásán lèèyàn lè fi rìn débẹ̀ láti Hulme, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti mú orúkọ fún dírágónì inú eré náà. Inú ẹyin ni dírágónì yìí ti jáde, ó sì bọ́ sí ìlú kan tí àwọn ará ibẹ̀ kò ní ẹsẹ̀; kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń yí kiri. Àjẹ́ kan ń bẹ níbẹ̀, Fenella lorúkọ rẹ̀, inú kẹ́tùlù ńlá kan ló ń gbé, ohùn rẹ̀ dà bí ti ará Wales, kò sì fẹ́ kí inú ẹnikẹ́ni dùn. Chorlton kì í gbé idà sí i. Inú rẹ̀ kàn máa ń dùn ni, ìdùnnú náà a sì ba gbogbo ète àjẹ́ jẹ́.

Ìbejì ni wá, èmi àti arákùnrin mi. Ọdún 1971 ni wọ́n bí wa. Jàmáíkà ni àwọn òbí wa ti wá. Ọ̀kan nínú àwọn ilé gbọọrọ mẹ́rin tó tẹ̀ bí oṣù tuntun ni a gbé dàgbà, àwọn tí wọ́n kọ́ parí ní Hulme ní 1972, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Crescents. Ilé náà tutù, ògiri rẹ̀ ń làágùn. Ikọ́ fée ń ṣe arákùnrin mi. Lọ́jọ́ tí èémí rẹ̀ kò bá já gaara, kì í lè jáde lọ ṣeré, èmi náà kì í lọ. A ó jókòó sílẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n, èjìká kan èjìká, a ó máa wo Chorlton. Ìyá wa á yọjú láti ilé ìdáná pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ ní èjìká, á fi ohùn Fenella pè wá wá jẹun, á ní bí a kò bá tètè dìde, òun á sọ àwa méjèèjì di ọ̀pọ̀lọ́. Arákùnrin mi á rẹ́rìn-ín títí á fi máa húkọ́, ìyá wa á sì fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn.

Ní 1980, nígbà tí a jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ikọ́ náà gbé e lọ lóru ọjọ́ kan. Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá wa fi tẹlifíṣọ̀n náà tọrẹ. Kò pẹ́ tí a fi kó kúrò nínú ilé yẹn. Àwọn Crescents fúnra wọn, wọ́n ti wó wọn tán ní àárín àwọn ọdún 1990. Láti ọjọ́ ìsìnkú náà, n kò gbọ́ orúkọ arákùnrin mi lẹ́nu ìyá mi mọ́, èmi náà kò sì dárúkọ rẹ̀ sí i létí.

Nígbà tí mo wá sọ́dọ̀ Òrìṣà, mo ti ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ. Ní ìdáfá mi àkọ́kọ́, bàbáláwo kò tíì mọ̀ mí rí, ó ní, "Ẹ̀yin méjì lẹ wá. Níbo ni ẹnì kejì wà?" Ọjọ́ náà ni mo gbọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ pé Táyé ni arákùnrin mi, nítorí òun ló kọ́kọ́ jáde, pé Kẹ́hìndé sì ni èmi. Wọ́n ní kí n gbẹ́ ère rẹ̀. Agbẹ́gilére kan ní Ọ̀yọ́ gbẹ́ ẹ, ó sì dé Hulme nínú àpótí, wọ́n fi aṣọ òkè wé e. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wẹ̀ ẹ́, tí mò ń fi osùn pa á lára, tí mo sì ń fún un ní ẹ̀wà. Ìyá mi rí i lẹ́ẹ̀kan. Onígbàgbọ́ pọ́ńbélé ni. Ó wò ó, ó ní, "Ọkùnrin tó tó báyìí! Ọmọlangidi lo fi ń ṣeré?" Ó yí ojú kúrò. Láti ọjọ́ náà, bó bá wá kí mi, ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí igun tí ère náà wà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ọmọlangidi yẹn sọ́kàn. Mo ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Èdè Yorùbá, èmi fúnra mi ni mo kọ́ ọ. Kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ nílé wa. Ìwé atúmọ̀ èdè ti Abraham, èyí tó jáde ní 1958, ni mo rà ní àlòkù, mo sì fi kásẹ́ẹ̀tì kún un. Ohun tó dà mí láàmú jù ni àmì ohùn. Ìgbà kan wà tí mo kọ lẹ́tà sí àgbà kan ní Nàìjíríà, mo fẹ́ béèrè bí a ṣe ń tọ́jú ère ìbejì, èrè ìbejì ni mo kọ. Bàbá náà dá mi lóhùn pé òun kò tíì mọ iye tí wọ́n ń jẹ lórí ìbejì, pé kí n mú sùúrù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí bí ẹni ń ka àdúrà: ère, eré, èrè. Ohun tí a gbẹ́. Ohun tí a ń ṣe fún ìdùnnú. Ohun tí a rí jẹ níbẹ̀.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe irú fíìmù tí mo ń sọ yìí. Wọ́n á ṣe ère kékeré, wọ́n á fi irin ṣe egungun rẹ̀, pẹ̀lú oríkèé tó ń ṣẹ́, wọ́n á sì wọ aṣọ fún un. Wọ́n á gbé e síwájú kámẹ́rà, wọ́n á ya àwòrán rẹ̀. Wọ́n á sún apá rẹ̀ díẹ̀, bóyá ìwọ̀n ìbú èékánná, wọ́n á tún yà á. Àwòrán 24 ló ń kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń ya ìdúró kan lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó túmọ̀ sí pé ìgbà 12 ni wọ́n ní láti sún ère fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìgbà 720 fún ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Àgbàlagbà ló ń ṣe é, lórí ìdúró, nínú òkùnkùn, pẹ̀lú sùúrù. Èmi tí mò ń bọ Òrìṣà tó ń mọ èèyàn, n kò lè rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n má rántí ilé Ajàlá. Ẹni tí kò ní sùúrù kò lè mú kí ère gbé ọwọ́ sókè.

Ní Altrincham, tí kò jìnnà sí wa, ilé iṣẹ́ kan wà tí ń jẹ́ Mackinnon and Saunders. Cosgrove Hall ni àwọn méjì tó dá a sílẹ̀ ti ṣiṣẹ́ rí. Wọ́n wà lára àwọn tó ṣe ère fún fíìmù Pinocchio tí Guillermo del Toro àti Mark Gustafson darí, tó jáde ní 2022, tó sì gba ẹ̀bùn Oscar ní 2023. Nínú fíìmù yìí, agbẹ́gilére kan tó ń jẹ́ Geppetto pàdánù ọmọkùnrin rẹ̀ nígbà tí bọ́ǹbù balẹ̀ sórí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ìbànújẹ́ àti ọtí gbà á lọ́kàn, ó gé igi tó hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè ọmọ náà, ó sì gbẹ́ ẹ ní ọmọ. Igi náà dìde, ó ń rìn. Nígbà tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èèyàn pariwo pé iṣẹ́ èṣù ni. Lẹ́yìn náà ni ọmọ igi yìí wo ère Jésù tí Geppetto kan náà gbẹ́, ó sì béèrè pé igi ni ìyẹn náà, kí ló dé tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ tí wọn kò fẹ́ràn òun.

Èmi nìkan ni mo wò ó, ní alẹ́ ọjọ́ òtútù kan, ère Táyé sì wà ní igun yàrá. Mo sunkún bí ọmọdé. Àwọn tó ṣe fíìmù náà kò ronú nípa Ọ̀yọ́. Síbẹ̀, wọ́n mọ ohun tí ìyá ìbejì ní ilẹ̀ wa ti mọ̀ tipẹ́: pé ẹni tí ikú mú ọmọ rẹ̀ nílò ohun tí ọwọ́ lè gbé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ náà gan-an, àwòrán ẹ̀fẹ̀. Ta ni kò mọ Ẹ̀fẹ̀ nínú wa? Ní Kétu àti ní ilẹ̀ Yewa, òru Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣáájú ọ̀sán Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Nínú ọjà ni wọ́n ti ń ṣe é, tọmọdé tàgbà á jókòó títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ̀fẹ̀ á júbà àwọn ìyá wa, á ṣàdúrà fún ìlú, á sì fi àwọn ìkà àti olójúkòkòrò ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́sàn-án, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ á jáde pẹ̀lú ère lórí. Lórí àwọn mìíràn, wọ́n á fi okùn fa ère náà kó lè máa ṣípò padà, ẹranko á máa bá ẹranko jà, èrò á máa rẹ́rìn-ín. Ní 2008, àjọ UNESCO kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sínú ìwé ohun àjogúnbá aráyé. Kò sí ẹni tó wí fún àwọn àgbà Kétu pé kí wọ́n padà sílé nítorí pé ère tó ń mira, ti ọmọdé ni.

Kí sì ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń ṣe fún àwọn ìyá? Kì í lé wọn. Ó ń tù wọ́n lójú ni. Nígbà tí mo wo Kirikou, tí Michel Ocelot ṣe ní 1998, mo rí ọ̀nà kan náà. Ocelot lo ìgbà èwe rẹ̀ ní Guinea, Youssou N'Dour ló sì kọ orin fíìmù náà. Abúlé kan ń bẹ̀rù Karaba àjẹ́. Ọmọ kékeré kan tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí wọ́n bí òun láti inú ìyá rẹ̀ nìkan ló béèrè ìdí tí obìnrin náà fi burú. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àwọn ọkùnrin ló gún ẹ̀gún olóró mọ́ ọn lẹ́yìn, ìrora náà kò sì fi í sílẹ̀. Ọmọ náà fi eyín fa ẹ̀gún náà yọ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìbéèrè yẹn yẹ kó jáde lẹ́nu àgbà abúlé náà, ẹnu wọn ni kò gbà á.

N kò sọ pé gbogbo kàtúùnù ló dára. Òmíràn kò ju ariwo àti ìpolówó ọjà lọ, ọmọdé gan-an kò yẹ kó wò ó. Àgbà tó bá sì ń wò ó láti àárọ̀ dalẹ́ kó má baà dojú kọ ilé rẹ̀, sísá ló ń sá. Kí a fi ojú inú wò ó, bí a ṣe ń wo ohun gbogbo. Àmọ́ ẹ rántí àlọ́. Ta ló ń pa á? Ṣé ọmọdé ni? Àgbà ni, àgbà náà sì máa ń gbádùn Ìjàpá ju àwọn tó ń gbè é lọ, nítorí ó mọ Ìjàpá ní àdúgbò, ó mọ̀ ọ́n nínú ara rẹ̀.

Mo padà sí ọ̀rọ̀ ọmọlangidi. Ẹnu tó ń sọ pé kàtúùnù jẹ́ ti ọmọdé, òun náà ló wo ère wa tó ní ọmọlangidi ni, tó wo ijó wa tó ní eré ọmọdé ni, tó sì sọ pé ó tó àkókò kí a dàgbà kúrò níbẹ̀. Àwọn baba ńlá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ní Jàmáíkà. Èmi tí mo fi ogún ọdún kọ́ bí n ó ṣe dá ẹnu yẹn lóhùn, nígbà tí wọ́n bá mi nídìí Chorlton, ẹnu yẹn kan náà ni mo fi sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí ojú fi tì mí. Táyé ni mo sẹ́, níwájú ère rẹ̀.

Ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo pe gbogbo ọmọ ilé jókòó, mo kúnlẹ̀ níwájú Òrìṣà, mo sì jẹ́wọ́. Mo ní kò sí ọmọ kankan tó ń sùn lókè lọ́jọ́sí. Èmi ni mò ń wo kàtúùnù. Gbogbo ilé dákẹ́. Obìnrin náà dọ̀bálẹ̀ sórí orúnkún rẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Mo ti mọ̀. Mo gun òkè lọ sí balùwẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo rí i pé yàrá ṣófo."

Mo ní, "Kí ló wá dé tí o fi ní kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́?"

Ó ní, "Ẹ ti sọ pé ọmọ ń sùn. Ta ni mo jẹ́ tí n ó fi jí i?"

Ẹ̀rín bú sọ́dà nínú ilé. Lọ́jọ́ náà, a mi ààjà títí aládùúgbò fi kan ògiri.

Ìyá mi ti di ẹni ọdún 84. Ọjọ́ Sátidé ló máa ń wá. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé ìjẹ́wọ́ mi, n kò pa tẹlifíṣọ̀n nígbà tó wọlé. Chorlton ni mo fi sí i. Ìyá mi jókòó, báàgì rẹ̀ lórí itan, kò bọ́ kóòtù. Ó ń wò ó láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí Fenella yọ jáde nínú kẹ́tùlù tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ètè ìyá mi ń mì. Lẹ́yìn náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ohùn àjẹ́ náà jáde lẹ́nu rẹ̀: bí a kò bá tètè dìde, òun á sọ àwa méjèèjì di ọ̀pọ̀lọ́. Ó sì pe orúkọ arákùnrin mi, orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́.

N kò mira. A jọ wo eré náà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí igun yàrá, sí ibi tó ti ń kọ ẹ̀yìn sí láti ọjọ́ yìí wá.

Ó ní, "Yí i padà. Ibi tó wà yẹn, kò lè rí nǹkan kan."

Mo dìde, mo gbé Táyé, mo sì yí ojú rẹ̀ sí tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ̀yin ará mi, kí Òrìṣà-ńlá má jẹ́ kí ojú tì wá níbi tí ojú kò yẹ kó tini. Àṣẹ.